Ilẹ̀ Mowe ò fẹ̀ tó bí lẹ́ńsì yín ṣe ń wí

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn, ẹ wá nǹkan jókòó lé.

Ìbéèrè kan lẹ ń bi mí ṣáá nínú DM: "Bọ̀dá, irú kámẹ́rà wo ni kí n rà tí mo bá fẹ́ máa ya panorama? Lẹ́ńsì wide wo ló dáa jù?" Èsì mi rèé, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú: ẹ má ra lẹ́ńsì wide kankan. Pàápàá tó bá jẹ́ ilẹ̀ àti ilé lẹ fẹ́ máa fi yà ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Ibafo, Mowe títí dé Ifo. Owó yẹn, ẹ fi ra tripod tó dúró dáadáa, kí ẹ fi ìyókù jẹun.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Ẹni tó bá ń gba expressway Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé láti Ibafo títí dé iwájú Redemption City, tí ẹ ò bá rí pátákó ìjọ, pátákó ẹni tó ń ta ilẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ ṣí Instagram, ilẹ̀ kan náà tún ti wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ní ó gbẹ. Gbogbo ẹ̀ ni ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí expressway. (Ìṣẹ́jú márùn-ún ta ni? Ti hẹlikópítà ni àbí ti kórópe?) Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra ilẹ̀ wọ̀nyí ò sí nílé. Wọ́n wà ní Manchester, wọ́n wà ní Houston, wọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́, wọ́n ń wo fótò lórí fóònù nígbà tí wọ́n bá ráyè mí. Fótò yẹn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ta ló sì ń ya fótò yẹn? Àwa náà ni.

Èmi náà ṣe é. Kámẹ́rà mi àkọ́kọ́ ni Nikon D3100 tokunbo tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó máa ń bá a wá. Ọ̀gá kan tó ń ta ilẹ̀ gbé iṣẹ́ fún mi, ó wo fótò mi, ó ní mo ń jẹ́ kí ilẹ̀ òun há. (Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n".) Ó ní kí n lọ wá lẹ́ńsì wide. Mo yá owó, mo ra 10-20. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi 10mm ya ilẹ̀ kan lẹ́yìn Mowe, èmi fúnra mi pariwo. Háà! Ilẹ̀ tí mo lè ju òkúta láti òpin kan dé èkejì ti di pápá bọ́ọ̀lù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le. Lórí D3100, lẹ́ńsì 10mm ń gba nǹkan bíi dìgíríì 98 láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ wá rọ́ gbogbo ìyẹn sínú fóònù tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Koríko tó wà níwájú ẹsẹ̀ yín á gba ìdajì fótò. Fẹ́ńsì tó wà ní ìparí ilẹ̀ á kéré bíi páálí ìṣáná, ọpọlọ ẹni tó ń wò ó á ní, "á, ibẹ̀ jìnnà o." Lẹ́ńsì ò tiẹ̀ parọ́. Òótọ́ ló sọ, fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ ò mọ̀ ọ́n kà, ẹni tó ń tà á sì mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n kà.

Àǹtí kan tí wọ́n ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester ló ra ilẹ̀ yẹn. Oṣù Kejìlá pé, wọ́n wálé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú wọn dé orí ilẹ̀, torí mo wá ya òmíràn fún ọ̀gá náà. Àǹtí wo fóònù wọn, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n tún wo fóònù. Wọ́n wá béèrè jẹ́jẹ́ pé: "Ìyókù ńkọ́?"

Kò sí ìyókù. 300sqm ni, ohun tó sì wà lórí ìwé wọn nìyẹn. Plot tí àwọn bàbá wa mọ̀, 60 by 120 ẹsẹ̀ bàtà, tí wọ́n máa ń kọ ní mítà 18 sí 36 báyìí, 648sqm nìyẹn. Tiwọn ò tó ìdajì ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò parọ́ lórí ìwé. Wọ́n ka 300sqm, ṣùgbọ́n fótò ni wọ́n gbà gbọ́, torí èèyàn mélòó nínú wa ló mọ bí 300sqm ṣe rí lójú?

Èyí tó ṣì ń dùn mí ni pé àkúrọ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí nínú fótò. Ẹ̀yìn mi ló wà. Omi, ewé kókò, lékeléke. Kí n tó lè gba gbogbo ilẹ̀ náà wọlé, àfi kí n máa rìn sẹ́yìn títí mo fi dé etí omi yẹn. Bàtà mi rin lọ́jọ́ náà. Mo rántí dáadáa pé mo bọ́ ọ, mo gbọn omi inú ẹ̀ dànù, mo wọ̀ ọ́ padà, mo kọ ẹ̀yìn sí àkúrọ̀, mo wá ń ya fótò ilẹ̀ gbígbẹ.

Àǹtí ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn béèrè iye tí tipper yanrìn kan ń lọ, àti pé mélòó ló máa kún un.

Mo ti gbọ́ èsì yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: ṣé ìwọ lo ta ilẹ̀ ni? Ìwọ gba owó iṣẹ́ ẹ jàre. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi fún bí oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ mọ ibi tí òun dúró sí, ó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn òun. Ẹni tó wà ní Manchester ò mọ̀. Iṣẹ́ tí mo gbà gan-an ni pé kí n jẹ́ ojú fún ẹni tí kò lè dé ibẹ̀. Ojú wo ni mo wá jẹ́?

Ìdí tí mo fi ń pariwo panorama nìyẹn. Lẹ́ńsì wide ń jẹ́ kí ẹ yan ohun tí ẹ máa kọ ẹ̀yìn sí. Fótò tó bá yí po tán ò ní ẹ̀yìn.

Ó yá, kámẹ́rà. Èyí tó bá ti ní M lórí, tí ẹ sì lè pa autofocus ẹ̀, ó tó. Mi ò ṣàwàdà. D3100 ti jáde láti 2010, 14 megapixel ni, òun náà ni mo ṣì ń lò jù. Ẹ fi lẹ́ńsì 18-55 yẹn sí 18. Ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóòró, ẹ má gbé e ní ìbú. Lóòró báyìí, fótò kan ń gba bíi dìgíríì 46 ní fífẹ̀. Ẹ ya ọ̀kan, ẹ yí kámẹ́rà bíi dìgíríì 30, kí ìdámẹ́ta fótò tó kọjá ṣì wà nínú tuntun, ẹ tún ya. Méjìlá péré, ẹ ti yí po. Tí kọ̀ǹpútà bá rán wọn pọ̀ tán, ohun tí ẹ máa rí á lé ní pixel 20,000 ní fífẹ̀. Fótò 10mm mi tí mo torí ẹ̀ jẹ gbèsè, 4,608 ni gbogbo ẹ̀.

Ohun tó ń rán wọn pọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Hugin lórúkọ ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ọmọ Jámánì kan, Helmut Dersch, ló bẹ̀rẹ̀ Panorama Tools ní 1998, orí iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ́ Hugin lé. Ojú ẹ̀ ò fani mọ́ra rárá, ẹ fara dà á.

Fóònù náà ní panorama, mo mọ̀. Ẹ máa fi ya òde ìgbéyàwó. Wàhálà ẹ̀ ni pé ọwọ́ lẹ fi ń gbé e yípo ara yín, fóònù fúnra ẹ̀ ń rìn lọ nígbà tó yẹ kó kàn yí lójú kan. Fẹ́ńsì tó bá sún mọ́ yín á gé sí méjì, òpó iná á tẹ̀.

Tripod náà lè ṣe irú ẹ̀ sí yín, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹ na ìka kan sókè níwájú imú yín. Ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ ṣí i, ẹ di tòsì. Ṣé ẹ rí i bí ìka yẹn ṣe ń fò síwá sẹ́yìn lára ògiri? Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe máa ń fò nínú fótò yín tó bá jẹ́ orí ihò tó wà ní ìdí kámẹ́rà ló ti ń yí, torí pé lẹ́ńsì, tó jẹ́ ojú ẹ̀ gan-an, ń kúrò níbi tó wà. Inú lẹ́ńsì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ihò ẹ̀ wọlé, ló yẹ kó máa yí lé lórí.

Wọ́n ń ta irin tó ń ṣe èyí lókè òkun, owó ẹ̀ á lé yín sá. Èmi ní kí wẹ́dà kan ní Ibafo bá mi tẹ irin pẹlẹbẹ bíi L, kó lu ihò gígùn sí i kí n lè máa sún kámẹ́rà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe wá ibi tó yẹ ni pé mo ki ìgbálẹ̀ kan bọ ìgò, mo gbé e síwájú mi, mo jẹ́ kó bo òpó iná tó wà lókèèrè. Mo yí kámẹ́rà sósì, mo yí i sọ́tùn-ún. Tí ìgbálẹ̀ bá yà kúrò lára òpó, mo sún kámẹ́rà. Nígbà tí ìgbálẹ̀ àti òpó ò fira wọn sílẹ̀ mọ́, mo fi ọ̀dà funfun sàmì sára irin. Àárọ̀ kan péré ló gbà, àwọn ọmọ àdúgbò sì rò pé orí mi ti dàrú. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ yà ló jìnnà, ẹ lè má ṣe gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ní fẹ́ńsì àti ilé aládùúgbò ò jìnnà, ẹ ṣe é.

Ìyókù ò pọ̀. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ sí M kí ó má bàa máa yí padà láti fótò kan sí òmíràn, f/8, kí white balance má wà ní auto, kí ẹ ṣètò focus lẹ́ẹ̀kan kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo oòrùn ló dáa jù. Tí ọlọ́kadà bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá. Mo ní fótò kan níwájú ọjà tí ọlọ́kadà kan ti ní orí méjì àti táyà mẹ́ta.

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ ra lẹ́ńsì bó ti wù kó rí. Mo mọ̀ yín, mo ti rí yín ní Computer Village. Gíláàsì tí wọ́n ń lọ́ mọ́ iwájú lẹ́ńsì, tí wọ́n kọ 0.45x sí lára, ẹ sá fún un. Àárín fótò á dára díẹ̀, etí á rí bíi fótò tí wọ́n yà láti inú omi, Hugin ò sì ní mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Èyí tí ẹ ń fi gbé mọ́ fóònù bí ohun tí wọ́n fi ń sá aṣọ, àbúrò ẹ̀ ni.

Èyí tó dùn ni lẹ́ńsì àtijọ́. Ìwọ̀n kan wà tí lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí sensor kó tó lè rí òkèèrè kedere. Ti Nikon F jẹ́ 46.5mm. Ti M42, àwọn lẹ́ńsì àtijọ́ tí wọ́n ń lọ́ wọlé bí ìdérí ìgò, bíi Takumar àti Flektogon, jẹ́ 45.46mm. Ti Canon EF jẹ́ 44mm. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀. Canon fi bíi mílímítà kan àtààbọ̀ kúrú ju M42 lọ, adapter á rí àyè wọ ibẹ̀. Àní lẹ́ńsì Nikon gan-an á wọ Canon. Ṣùgbọ́n Nikon ló gùn jù nínú wọn, kò sí àyè. Tí ẹ bá fi M42 sí i, nǹkan ìtòsí nìkan lẹ máa rí kedere, àfi tí adapter bá ní gíláàsì nínú, gíláàsì pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ sì máa ń ba fótò jẹ́. Tí ẹ ò bá tíì ra kámẹ́rà, tó sì jẹ́ lẹ́ńsì àtijọ́ ló wù yín, ìdí tó fi yẹ kí ẹ mú Canon dípò Nikon bíi tèmi nìyẹn. Tí owó bá wà, àwọn tí kò ní dígí nínú sàn jù: Sony E ò ju 18mm lọ, bíi gbogbo lẹ́ńsì ayé ló lè wọ̀ ọ́.

Àwọn oníṣòwò á sọ fún yín pé 28mm àtijọ́ kì í ṣe wide mọ́ lórí Canon onísensor kékeré, pé ó ti dà bíi 45mm. Òótọ́ ni. Wọ́n á wá fi ìyẹn ta nǹkan tó wọ́n jù fún yín. Fún ẹni tó ń rán fótò pọ̀, kò já mọ́ nǹkan kan! Lóòró, 28mm yẹn á gba bíi dìgíríì 30. Ẹ ya méjìdínlógún dípò méjìlá. Kò sí autofocus tó máa dà yín láàmú, ibi tí ẹ bá yí i sí ló máa wà. Kí ẹ tó sanwó sha, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá rí ohun tó jọ òwú aláǹtakùn nínú ẹ̀, ẹ dá a padà fún un, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé panorama ò lè parọ́ o. Mo lọ sí Ifo láti ya ojú irin àtijọ́, èyí tí àwọn òyìnbó ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, kí n fi ṣe ẹlẹgbẹ́ tuntun tí Buhari ṣí ní oṣù Kẹfà 2021. Ojú irin tó lọ tààrà bí ọ̀pá, nígbà tí mo rán an tán, ó tẹ̀ bí ọrun. Mo rò pé mo ṣe nǹkan kan tì. Rárá. Ẹ fi bébà yí agolo mílíìkì ká, ẹ fa ìlà sí i, ẹ wá tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. Ohun tí fótò yíká jẹ́ nìyẹn, ayé tó rọ̀gbà yí yín ká tí wọ́n wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìlà tó lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gbọ́dọ̀ tẹ̀. Hugin lè jẹ́ kó dúró tààrà tí ẹ ò bá ju bíi dìgíríì 120 lọ, ṣùgbọ́n etí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹ ti padà sọ́dọ̀ 10mm nìyẹn.

Nítorí náà, ti ilẹ̀, mi ò kì í fi panorama nìkan sílẹ̀. Mo máa ń ní kí èèyàn kan lọ dúró síbi beacon surveyor kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí èèyàn mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á mọ bí ilẹ̀ ṣe tó, ì báà tẹ̀ bí ọrun. Inú yàrá nìkan ni mo ti gbà kí ẹ lo wide. Yàrá face-me-I-face-you, níbo lẹ fẹ́ rìn sẹ́yìn dé?

Ọ̀gá yẹn ò pè mí mọ́ látìgbà tí mo ti fi fótò yíká àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i. Ó ní ta ló ní kí n ya àkúrọ̀. Owó ẹ̀ dáa, mi ò ní tan yín, ó sì dùn mí. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi báyìí ni àwọn tó fẹ́ rà fúnra wọn, tí wọ́n ń sanwó kí n lọ bá wọn wo ilẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Wọn ò pọ̀. Oṣù kan lè kọjá kí n má rí ẹnì kan.

Mo padà jẹ́wọ́ fún Àǹtí lórí WhatsApp pé èmi ni mo ya fótò yẹn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Kò sí nǹkan míì tí wọ́n sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni voice note wọn wọlé. Wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ náà, owó yanrìn ti sú wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn ya fótò tó dáa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní: "Lẹ́ńsì ẹ àkọ́kọ́ yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ti tà á tipẹ́. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, mo ya méjìlá, mo rán an pọ̀. Àkúrọ̀ wà níbẹ̀, lékeléke méjì náà wà níbẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tick méjèèjì ti di blue láti ọjọ́ Àìkú.

Irin L yẹn, mo máa fi fótò ẹ̀ sísàlẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú un lọ bá wẹ́dà yín.